Ilé Kì í Ṣe Obì Tí Tọkọtaya Ń Là Pín

Ọdún méjìdínlógójì kì í ṣe ọjọ́ kan. Iye ọdún tí tọkọtaya ọmọ Nàìjíríà kan fi wà nínú ìgbéyàwó nìyẹn kí ilé-ẹjọ́ tó tú wọn ká ní ọdún 2005. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti pàdé ara wọn. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1967, wọ́n gba ìwé ọmọ-onílùú ní ọ̀hún ní 1972, wọ́n sì padà wá tẹ̀dó sí Nàìjíríà ní ọdún tó tẹ̀lé e. Iṣẹ́ lọ́yà ni ọkọ ń ṣe. Nígbà tó di ọdún 1999, ìyàwó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí London. Ní ọdún 2003, ọkọ gba kóòtù lọ ní Nàìjíríà, ó ní kí wọ́n bá òun tú ìgbéyàwó náà ká.

Ìfẹ́ ti lọ, ṣùgbọ́n ilé kò lè bá ìfẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo dúkìá tó wà nílẹ̀, ó tó nǹkan bí £700,000. Ilé méjì tó wà ní London, tó jẹ́ orúkọ ọkọ ló wà nínú ìwé wọn, ló kó nǹkan bí £530,000 nínú rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní Nàìjíríà fún ìyàwó ní ẹ̀tọ́ láti máa lo ilé kan ní Èkó títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ilé tí iye rẹ̀ tó nǹkan bí £83,000. Ó sì ní kí wọ́n fún un ní owó tó tó nǹkan bí £21,000 lé e. Ọwọ́ ọkọ ni àwọn ilé London wà.

Obìnrin náà kò gbà. Ó gbé ọ̀ràn náà lọ sí kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé iwájú ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀. Ní oṣù Mẹ́ta ọdún 2010, àwọn adájọ́ dá ìdájọ́ tí adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga kan ti kọ́kọ́ ṣe padà sípò, èyí tí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti fagi lé. Ìdájọ́ náà ni pé nínú owó tí wọ́n bá ta ilé London tí obìnrin náà ń gbé, kí ó mú 65 nínú 100, èyí tó tó nǹkan bí £275,000, kí ó sì jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ tó ní lórí ilé Èkó.

Kóòtù orílẹ̀-èdè méjì, dúkìá kan náà, ìdájọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí gbogbo wọn fi jọra: kò sí èyí tó gbé àdá láti la ògiri sí méjì. Iye owó ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ti ń ṣìnà. Wọ́n á máa jà lórí ilé, nígbà tó jẹ́ pé iye tí ilé náà tó ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Ọkọ á ní òun kò ní kúrò nínú ilé tí òun fi òógùn ojú òun kọ́. Ìyàwó á ní àfi kí wọ́n gbé òkú òun jáde. Àwọn ẹbí á pé lé wọn lórí, àwọn ọmọ á máa wò. Bí wọ́n bá sì béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì pé èló ni ilé ọ̀hún tó lónìí, kò ní sí ẹni tó lè dáhùn nínú wọn.

Kí ọ̀rọ̀ tó kan iye owó, ó yẹ kí èèyàn mọ kóòtù tó lè dá sí i. Ìgbéyàwó alárédè, èyí tí wọ́n ṣe lábẹ́ òfin ìjọba ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ, ilé-ẹjọ́ gíga ló lè tú u ká. Òfin ọ̀ràn ìgbéyàwó ti ọdún 1970 ni wọ́n ń lò. Abala 72 nínú òfin náà fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ pé kí tọkọtaya, tàbí ọ̀kan nínú wọn, ya dúkìá sọ́tọ̀ fún àǹfààní ẹnì kejì àti àwọn ọmọ, bí adájọ́ bá ṣe rí i pé ó tọ́, tó sì bá ẹ̀tọ́ mu. Òfin náà kò sọ pé kí wọ́n pín in ní dọ́gbadọ́gba, kò sì sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni kó kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọwọ́ adájọ́ ló fi ọ̀rọ̀ sí, ohun tí wọ́n bá sì kó síwájú adájọ́ ni adájọ́ yóò fi ṣiṣẹ́.

Ti ìgbéyàwó ìbílẹ̀ yàtọ̀. Kóòtù ìbílẹ̀, irú èyí tó wà ní Mápó n'Íbàdàn, lè tú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ká, ó sì lè sọ ẹni tí àwọn ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé àárín ìlú ju agbára rẹ̀ lọ. Òfin ìlò ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé ilé-ẹjọ́ gíga ló ni ẹjọ́ ilẹ̀ tí àṣẹ gómìnà wà lórí rẹ̀, tí kóòtù ìbílẹ̀ sì lè gbọ́ ti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ ìbílẹ̀. Nítorí náà, obìnrin tó bá jáde ní kóòtù ìbílẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lọ́wọ́, tó rò pé ọ̀rọ̀ ilé náà ti parí síbẹ̀, lè jẹ́ pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní ti ìgbéyàwó yìgì, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti là á kalẹ̀ pé dúkìá ìyàwó jẹ́ ti ìyàwó, ti ọkọ jẹ́ ti ọkọ. Ìgbéyàwó kò da dúkìá wọn pọ̀. Ohun tí wọ́n bá jọ fi owó ṣe ló ń fa àríyànjiyàn, ẹ̀rí ló sì ń parí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọdún 1992, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan tí ó yẹ kí gbogbo obìnrin tó ń bá ọkọ rẹ̀ kọ́lé mọ̀. Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ lọ́nà ìbílẹ̀ ni. Ọkọ ta ilé fún ẹlòmíràn, ìyàwó sì yarí pé àwọn méjèèjì làwọn jọ kọ́ ọ, pé ọkọ kò lè dá a tà. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé ìyàwó kò lè ní ìpín nínú ilé. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò ṣàlàyé irú ìrànlọ́wọ́ tó ṣe àti bó ṣe pọ̀ tó, débi tí kóòtù yóò fi lè mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni òun àti ọkọ jọ ni ín. Bí ilé náà ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ta ni kò mọ bí ilé ṣe ń dìde nílẹ̀ Yorùbá? Ọkọ ra ilẹ̀. Ìyàwó kó àjọ, ó fi ra búlọ́ọ̀kù. Wọ́n dé orí òrùlé, owó tán, ìyàwó lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀, páànù gun orí ilé. Òun ló ń se oúnjẹ fún bíríkìlà àti káfíńtà, òun ló ń san owó omi. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Kò gba rìsíìtì kankan, nítorí ta ló ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀? Orúkọ ọkọ nìkan ló wà nínú ìwé ilẹ̀. Nígbà tí ìjà bá dé, gbogbo òrùlé yẹn á di ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ibi tí àwọn onímọ̀ ìdíyelé ilé àti ilẹ̀ ti wúlò nìyí. Estate surveyor and valuer ni orúkọ tí òfin mọ̀ wọ́n sí. Àwọn mìíràn ń pè wọ́n ní adíyelé. Wọn kì í ṣe ajẹ́ntì tó ń gbé pátákó “ilé yìí wà fún títà” kọ́, wọn kì í sì í ṣe sàfẹ́yọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ ka ẹsẹ̀ bàtà lórí ilẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn, NIESV, ti wà láti ọdún 1969, òfin sì dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, ESVARBON, kalẹ̀ ní ọdún 1975. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ yìí, bó ti wù kó mọ ọjà ilé tó, ìwé tó bá kọ lè má dúró bí lọ́yà apá kejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 68, gba kóòtù láàyè láti gbọ́ èrò ọ̀jáfáfá lórí ohun tó jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀jáfáfá ni kóòtù fẹ́ gbọ́, kì í ṣe aládùúgbò tó gbọ́ pé ilé kejì tà ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni adíyelé sábà máa ń gbà mọ iye ilé. Ọ̀nà kìíní ni pé kó wo àwọn ilé tó jọ ọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà ní àdúgbò náà, iye tí wọ́n tà á ní tòótọ́, kì í ṣe iye tí wọ́n ń pè é. Ọ̀nà kejì wà fún ilé tí ayálégbé ń gbé: yóò wo owó tó ń wọlé lọ́dún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó àtúnṣe àti owó ìjọba kúrò, yóò sì fi ṣírò iye tí ẹni tó bá fẹ́ ra irú owó bẹ́ẹ̀ yóò san. Ọ̀nà kẹta ni kó díye lé ilẹ̀, kó ṣírò iye tí yóò ná èèyàn láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí, kó wá yọ ohun tí ọjọ́ orí àti ìbàjẹ́ ti jẹ kúrò lára rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan lè là á yéni. Ká ní ilé alájà kan wà tó ní fúláàtì mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ₦1,500,000 wọlé lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦6,000,000. Bí wọ́n bá yọ ₦1,000,000 fún àtúnṣe àti owó ìjọba, ó ku ₦5,000,000. Bó bá jẹ́ pé owó tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń mú wọlé ní àdúgbò náà sábà máa ń jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ń tà á, ilé náà tó ₦100 mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n báńkì ṣì ń bá wọn fa ₦20 mílíọ̀nù lórí rẹ̀. Gbèsè ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ. ₦80 mílíọ̀nù ló kù láti pín. Bí adájọ́ bá ní kí ìyàwó mú 40 nínú 100, ₦32 mílíọ̀nù ni tirẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò bá ti sí adíyelé. Inú ń bí ọkọ, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí lọ́sẹ̀ yẹn. Ó pe ajẹ́ntì, ajẹ́ntì ní ẹni tó lówó lọ́wọ́ wà, ₦65 mílíọ̀nù ló fẹ́ san. Wọ́n yọ gbèsè báńkì, ó ku ₦45 mílíọ̀nù. Ìdá 40 ìyàwó di ₦18 mílíọ̀nù. Ó pàdánù ₦14 mílíọ̀nù. Ọkọ tó rò pé òun ń jẹ ìyàwó níyà pàdánù ₦21 mílíọ̀nù ní tirẹ̀. Ẹni tó rà á nìkan ló jèrè ìjà náà. Adíyelé tó mọṣẹ́ á kọ iye méjèèjì sínú ìwé rẹ̀: iye tí ilé tó bí wọ́n bá fara balẹ̀ tà á lọ́jà, àti iye tó lè mú wá bó bá jẹ́ kánjúkánjú ni. Ìgbà tí tọkọtaya bá rí i bí iye méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn ni ojú wọn sábà máa ń wálẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n díye lé ilé náà ṣe pàtàkì. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lè gba ọdún mélòó kan, náírà kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba kò tó ₦500. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù bá a gòkè. Ẹni tó bá fi ìwé ìdíyelé ọdún 2021 gba ìpín tirẹ̀ ní 2024, ẹ̀tàn ló gbà. Bí ẹjọ́ bá pẹ́, kí wọ́n ní kí adíyelé tún iye náà yẹ̀ wò kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Lẹ́yìn tí iye bá ti hàn, ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń ṣí sílẹ̀. Wọ́n lè ta ilé, kí wọ́n pín owó. Ọ̀kan lè mú ilé, kó san ìpín ẹnì kejì fún un, tàbí kó fi ilẹ̀ mìíràn tàbí ọkọ̀ dí i. Wọ́n sì lè fi ilé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n jọ yan ẹni tí yóò máa gba owó ilé, tí yóò sì máa ṣírò rẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Èyí ìkẹyìn yìí dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n bí kò bá sí àkọsílẹ̀, ìjà ọ̀tun ni wọ́n ń gbìn. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀kan fẹ́ gbé ìpín rẹ̀ fún ẹnì kejì, kí wọ́n má gbàgbé pé ilẹ̀ tó ní C of O kò lè kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Owó wà lórí ìfọwọ́sí yẹn, ó sì yẹ kí adíyelé àti lọ́yà ti ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó sọ iye tó kan kálukú.

Àwọn ilé kan wà tí wọn kò ṣeé mú wá síbi ìpín rárá. Ilé tó wà lórí ilẹ̀ ẹbí ni àkọ́kọ́. Ọkọ lè kọ́lé síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Adíyelé tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè ìwé ilẹ̀ kí ó tó wo ògiri. Bí ìwé bá fi hàn pé ti ẹbí ni ilẹ̀, owó tí wọ́n ná sórí ilé nìkan ni ìyàwó lè máa sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó sàn kó mọ èyí ní ọ́fíìsì adíyelé ju kó gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ní kóòtù.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ń béèrè ni pé ṣé adíyelé kan ni, àbí kí kálukú mú tirẹ̀ wá? Òfin gba èyí tí wọ́n bá fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí kálukú bá mú tirẹ̀ wá, iye ti ọkọ máa ń rẹlẹ̀, ti ìyàwó máa ń ga, owó iṣẹ́ méjì á sì jáde lára dúkìá kan náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan tí tọkọtaya jọ yàn ni kóòtù sábà máa ń fẹ́. Àwọn lọ́yà ibí náà lè gba àwọn oníbàárà wọn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀: kí wọ́n jọ kọ lẹ́tà sí adíyelé kan, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí wọ́n jọ san owó rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí yóò wo ilé. Adíyelé tó bá yọ́ sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé iye tó bá fẹ́ lòun yóò kọ, kí onítọ̀hún tètè sá fún un. Ẹni tó lè ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ lónìí lè ṣe é fún ìyàwó lọ́la.

Kò sí adíyelé tó lè mú ẹ̀rí jáde níbi tí kò sí. Ó lè sọ pé òrùlé yìí tó mílíọ̀nù mẹ́jọ. Kò lè sọ ẹni tó san án. Nítorí náà, iṣẹ́ ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìpìlẹ̀. Ìwé alájẹṣẹ́kù tí obìnrin fi yáwó, kó tọ́jú rẹ̀. Owó páànù, kó gba báńkì lọ, kí orúkọ rẹ̀ hàn. Rìsíìtì sìmẹ́ǹtì, kó wà nínú fáìlì. Èyí tó dára jù ni kí orúkọ ọkọ àti ti ìyàwó jọ wà nínú ìwé ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Àwọn kan á ní ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti ń gbèrò ìkọ̀sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ikú pàápàá ń tú tọkọtaya ká, òfin ìbílẹ̀ Yorùbá kò sì ka ìyàwó mọ́ àwọn tó ń jogún ọkọ. Opó tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kò ní máa bẹ àna kí wọ́n tó jẹ́ kó sun inú yàrá rẹ̀.

Obìnrin tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ ní London ní 2010 rí ìpín tirẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ọdún méje ti kọjá láti ọjọ́ tí ọkọ ti gba kóòtù lọ, ọ̀ràn náà sì ti gba iwájú adájọ́ orílẹ̀-èdè méjì kọjá. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní ọdún méje láti fi ṣòfò, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní ilé ní London. Ọ̀pọ̀ ní ilé kan péré, ní Ìkòròdú, ní Òṣogbo tàbí ní Ọ̀tà, tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìbínú ta irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí òmíràn tí wọn yóò tún kọ́ kí àwọn ọmọ tó dàgbà. Kí tọkọtaya tó bá ti rí i pé àwọn kò lè gbé pọ̀ mọ́ pe lọ́yà, kí wọ́n jọ pe adíyelé, kí wọ́n sì mọ iye tó wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ohùn sókè lórí ẹni tí yóò kó jáde.